Àkáǹtì àjọní fún tọkọtaya: ta ni yóò máa buwọ́ lùwé kí owó tó jáde?

Ìbéèrè láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì:

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Èlùbọ́ àti gàrí ni mo ń tà, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba ìpínlẹ̀ sì ni ọkọ mi. A fẹ́ ra ilẹ̀, kí a sì máa kọ́ ilé díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi ní kí a ṣí àkáǹtì kan tí orúkọ àwa méjèèjì yóò wà lórí rẹ̀, kí kálukú máa dá owó sí i lóṣooṣù. Ìyá mi ní obìnrin tí ó bá da owó ọjà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọkọ kò ní rí owó náà mọ́. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Adó ní kí a kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa lè gba owó jáde, pé ìyẹn ni kò ní wàhálà. Báǹkì wo ni kí a lọ? Irú àkáǹtì wo ni kí a mú? Ṣé kí n tilẹ̀ gbà rárá?

* * *

Àbúrò mi, mo kí ìwọ náà àti bàbá àwọn ọmọ. Gbà fún un, ṣùgbọ́n má ṣe gbà bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe là á kalẹ̀.

Orúkọ báǹkì ni o fi ṣáájú ìbéèrè rẹ, òun ni ó sì yẹ kí ó kẹ́yìn. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Adó-Èkìtì, kí n tó wá di akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, n kò rí tọkọtaya kan tí orúkọ báǹkì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ìlà kan ṣoṣo nínú fọ́ọ̀mù ni ó máa ń dá a sílẹ̀, ìyẹn ibi tí báǹkì ti béèrè pé ta ni yóò máa buwọ́ lùwé kí owó tó lè jáde. Máńdéètì ni àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ yóò fi bírò tọ́ka sí àpótí kékeré méjì, yóò ní, "Ẹ fa àmì sí ọ̀kan," oníbàárà yóò sì fa àmì sí èyí tí bírò náà sún mọ́ jù.

Àpótí kan ń sọ pé ẹni méjèèjì gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé kí owó tó jáde. Èkejì ń sọ pé ìbuwọ́lùwé ẹnì kan ti tó. Bí ẹ bá mú ti àkọ́kọ́, ọkọ rẹ kò lè dá gba kọ́bọ̀ kan láìsí ìwọ, ìwọ náà kò sì lè dá gba kọ́bọ̀ láìsí òun. Bí ẹ bá mú ti èkejì, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé báǹkì lè kó gbogbo rẹ̀ lọ, báǹkì kò sì ní jẹ̀bi ohunkóhun.

Owó ilẹ̀ àti ilé ni ẹ ń sọ. Ẹni méjèèjì ni kí ó máa buwọ́ lu ìyẹn. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, n óò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń ta kò mí.

* * *

Ẹnìkan ti kọ̀wé láti Ọ̀yẹ́. Ó ní òun àti ìyàwó òun ti ń lo àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni lè gba owó nínú rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ti ṣègbéyàwó, ìjà kankan kò sì ṣẹlẹ̀. Ó béèrè pé bí ọmọ bá ṣàìsàn lóru ńkọ́, tí ọkọ wà ní Èkó, tí ìyàwó sì nílò owó ilé-ìwòsàn. Ó fi kún un pé ẹni tí kò bá lè fọkàn tán ìyàwó rẹ̀ débi owó, kí ló fẹ́ ẹ sí.

Mo bọ̀wọ̀ fún èrò bàbá yìí, àwọn tí ó sì ń ronú bíi tirẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwòsàn kọ́ ni owó ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú owó ilẹ̀ ni ẹ óò ti máa mú owó oògùn, owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ìnáwó ìsìnkú àti owó táyà ọkọ̀, ẹ kò ní ra ilẹ̀ kankan. Owó àìròtẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tirẹ̀. Inú ìyẹn ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú yín ti lè gba owó nígbàkígbà, kí káàdì rẹ̀ wà, kí ó wà lórí fóònù àwọn méjèèjì.

Ní ti ìfọkàntán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Obìnrin kan wá bá mi ní ọjọ́ kan, ó fẹ́ mọ iye tí ó wà nínú àkáǹtì òun àti ọkọ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ fún wọn ti dá ọjọ́. Mo tẹ ìwé àkáǹtì náà jáde fún un, ewé méjì. Ó gbé e lé orí káńtà, ó fi ìka àárín tẹ̀ lé ìlà dé ìlà, bí ẹni ń kọ́ ìwé kíkà. Ìka náà dúró. Ó ní, "Ta ni ó gba èyí?" Mo wò ó. Ọkọ rẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Àbúrò náà fẹ́ rin ìrìn-àjò lọ sí òkè òkun, wọ́n ti dá ọjọ́ físà fún un, ọkọ sì rò pé òun yóò ti dá owó náà padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Obìnrin náà béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé báǹkì lè gbà á padà. Mo fi fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì hàn án. Ìbuwọ́lùwé òun fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ àpótí tí wọ́n fa àmì sí.

Ọkọ yẹn kì í ṣe olè. Mo mọ̀ ọ́n, ènìyàn dáadáa ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹbí rẹ̀ wá bá a nígbà tí ó dá wà, kò sì rí ohun tí yóò fi kọ̀. Bí ó bá lè sọ pé, "Ìbuwọ́lùwé mi nìkan kò lè gba owó náà jáde," kì bá ti di ìjà ilé, kì bá sì ti di ìjà ẹbí. Ẹ máa rántí èyí, ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ rò pé ààbò obìnrin nìkan ni ìbuwọ́lùwé méjì. Ààbò tiyín náà ni lọ́wọ́ àwọn tí ẹ kò lè sọ pé rárá fún.

Mo sì ti rí ìyàwó tí ó mú owó ilé lọ fi kó ọjà ní àsìkò iṣu tuntun, tí iṣu sì pọ̀ lọ́jà débi pé kò rí owó náà pé padà. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ akọ, kò mọ abo.

* * *

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, nítorí pé àwọn tí wọ́n kọ̀wé láti Ìjerò àti Àrámọkọ ń bú àwọn ìyá àtijọ́, n kò sì fara mọ́ ọn.

Ìyá rẹ mọ ohun tí ó ń sọ. Nínú àṣà Yorùbá, owó ọkọ àti owó aya kì í ṣe ọ̀kan. Owó tí obìnrin bá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣòwò rí, tirẹ̀ ni, ọkọ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti kó o. Bákan náà ni kò sí ohun tí ó ń jẹ́ pé aya jogún ọkọ nínú àṣà wa. Bí ọkùnrin bá kú láìkọ ìwé ìhágún, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ni ogún, ìbáà ṣe pé wọ́n pín in ní ìdí-igi, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan, tàbí ní orí-ojorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Bí kò bá bí ọmọ, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Aya kò sí nínú ìṣirò náà. Àwọn tí ó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba ní ààbò òfin lórí èyí. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tí ó ṣe ìdána tí wọn kò sì dé ọ́fíìsì ìgbéyàwó pọ̀ lọ jàra ní Èkìtì, àṣà sì ni wọn yóò bá nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé.

Nítorí náà, owó tí o fi ń ra ọjà kò gbọdọ̀ wọ inú àkáǹtì àjọní. Kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Owó iṣẹ́ rẹ ni, òun ni ó ń bí èrè. Èrè tí o bá yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ ni kí o máa san síbẹ̀.

Ibi tí èmi àti ìyá rẹ ti pínyà nìyí. Bí o bá kọ̀ láti ṣí àkáǹtì náà, ilé yóò ṣì di kíkọ́. Ọkọ rẹ yóò máa kó owó tirẹ̀ sí àkáǹtì ara rẹ̀, ìwọ yóò máa ra sìmẹ́ńtì níhìn-ín, ìwọ yóò máa san owó bíríkìlà lọ́hùn-ún, ìwọ ni yóò máa se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́, kò sì ní sí ìwé kankan tí ó fi hàn pé kọ́bọ̀ rẹ wà nínú ògiri náà. Rìsíìtì ilẹ̀ yóò jẹ́ orúkọ ọkùnrin nìkan. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mọ̀lẹ́bí yóò béèrè pé kí ni o mú wá, o kò sì ní rí nǹkan fi hàn wọ́n. Àkáǹtì àjọní máa ń kọ ìtàn sílẹ̀: ọjọ́ báyìí, ìyá báyìí san iye báyìí. Nígbà tí o bá ń fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, àyè kékeré kan wà tí a fi ń kọ ìdí tí a fi san owó. Kọ "owó ilé" síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí ẹ bá sì ra ilẹ̀, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lórí rìsíìtì, lórí ìwé àdéhùn àti lórí ìwé sọ́fè. Bí àkáǹtì bá jẹ́ ti ẹni méjì tí ilẹ̀ sì jẹ́ ti ẹnì kan, ìdajì iṣẹ́ ni ẹ ṣe.

* * *

Obìnrin kan láti Ìkọ̀lé béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ń yẹra fún: "Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé ìbuwọ́lùwé méjì yóò ti owó náà mọ́ opó lójú?"

Yóò tì í mọ́ ọn lójú fún ìgbà díẹ̀. Òótọ́ ni. Nígbà tí báǹkì bá ti gbọ́ pé oníbàárà kú, wọn yóò dá gbígba owó nínú àkáǹtì rẹ̀ dúró, títí tí wọn yóò fi rí ìwé àṣẹ tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ń fún àwọn tí yóò ṣàkóso ohun ìní olóògbé. Ní Èkìtì, Adó ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó ń gba owó, ó ń gba àkókò, ó sì nílò kí mọ̀lẹ́bí fẹnu kò lórí ẹni tí yóò dúró. Àwọn tí ó rò pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni lè buwọ́ lù ti yanjú èyí kò tíì rí i bí báǹkì ṣe ń ṣọ́ra nígbà tí ẹbí olóògbé bá kọ lẹ́tà sí wọn. Báǹkì kò fẹ́ dé kóòtù, wọn yóò ti ìyẹn náà pa.

Ẹ̀kejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi ìbátan tí ó sún mọ́ni jù nínú fọ́ọ̀mù báǹkì kì í ṣe àrólé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni mo ti rí tí wọ́n gbé ìwé yẹn wá, tí wọ́n ní, "Orúkọ mi ni ọkọ mi kọ, ẹ fún mi ní owó rẹ̀." Ẹni tí báǹkì yóò ké sí bí wọ́n bá ń wá oníbàárà ni wọ́n fi ibẹ̀ béèrè. Kò fún ẹnikẹ́ni ní ogún. Ìwé ìhágún ni ó ń fúnni ní ogún, lọ́ọ́yà sì lè bá yín ṣe é kí ẹ tó di arúgbó.

Ohun tí èmi yóò ṣe sí ọ̀rọ̀ ikú ni pé kí kálukú ní àkáǹtì tirẹ̀, tí oúnjẹ oṣù mélòó kan àti owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yóò wà nínú rẹ̀. Opó tí ó ní ìyẹn lè fi sùúrù dúró de ìwé kóòtù. Opó tí gbogbo owó ilé wà nínú àkáǹtì kan ṣoṣo, ìbuwọ́lùwé yòówù tí ì báà wà lórí rẹ̀, yóò jìyà.

* * *

Nísinsìnyí, irú àkáǹtì. Èyí kò gùn.

Àkáǹtì ìfowópamọ́ lásán ni kí ẹ mú, ẹ má ṣe mú ti kọ́rẹ́ǹtì. Ti kọ́rẹ́ǹtì ń béèrè ẹni méjì tí yóò jẹ́rìí yín, báǹkì sì lè yọ tó ₦1 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tí ó bá jáde nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìtọ́jú àkáǹtì. Ti ìfowópamọ́ kò ní èyí. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ sì sọ pé èlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí 30% òṣùwọ̀n èlé tí Báǹkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Bí òṣùwọ̀n náà bá jẹ́ 27%, tiyín kò gbọdọ̀ kéré sí 8.1% lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba owó jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ láàárín oṣù kan, èlé oṣù náà ti lọ. Ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ kí owó ọbẹ̀ àti owó ilẹ̀ wà nínú ìkòkò kan.

Ní ti ààbò, ẹ bi báǹkì bóyá NDIC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe onídùúró fún owó inú báǹkì, dáàbò bo owó oníbàárà wọn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, bí báǹkì ńlá bá wọlẹ̀, NDIC yóò san tó ₦5,000,000 fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ báǹkì kékeré tí a ń pè ní microfinance, ₦2,000,000 ni. Tẹ́lẹ̀ rí, ₦500,000 àti ₦200,000 péré ni. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣe àtúnṣe yìí tí Báǹkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Nọ́ńbà BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo tí oníbàárà ń lò ní gbogbo báǹkì, ni NDIC fi wá àkáǹtì mìíràn tí àwọn oníbàárà ní, tí wọ́n sì fi owó ránṣẹ́ síbẹ̀. Àwọn tí owó wọn ju ₦5,000,000 lọ dúró de títà àwọn dúkìá báǹkì náà. Bí owó ilé yín bá ń sún mọ́ iye yẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà ní ojú kan.

Tọkọtaya mùsùlùmí tí kò fẹ́ èlé lè lọ sí báǹkì tí kì í gba èlé, tí kì í sì í san án. Jaiz ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọdún 2012.

* * *

Bàbá kan láti Òmùò ní kí ni a ń fi báǹkì ṣe, ṣebí àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà. Akọ̀wé alájẹṣẹ́kù ni mí, n kò lè bú iṣẹ́ ara mi. Ẹgbẹ́ dára gan-an fún ẹni tí ó fẹ́ yá owó, nítorí pé iye tí o bá ti kó jọ ni a máa ń wò kí a tó yá ọ. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ tèmi, orúkọ ẹnì kan ni ó ń wà lórí ìwé ìdáwó kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ rẹ bá ń dá owó ilé yín sí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, owó ọkọ rẹ ni ní ojú ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì lè fi di gbèsè tí ó jẹ. Ti alájọ tí ó ń rìn kiri ọjà, ẹ fi owó ọjà kéékèèké sí i, kí ẹ sì kó o lópin oṣù. Owó ilẹ̀ kò yẹ ibẹ̀.

Gbèsè tún rán mi létí nǹkan kan. Láti ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti gbé ìlànà kan jáde tí ó jẹ́ kí báǹkì tí ó yáni lówó lè fi BVN wá àwọn àkáǹtì mìíràn tí onígbèsè ní, ní báǹkì yòówù, kí wọ́n sì yọ gbèsè wọn níbẹ̀. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní gbèsè báǹkì lọ́rùn, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó ṣí àkáǹtì, kí ẹ sì bi báǹkì ní gbangba ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ẹnì kejì.

* * *

Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé ìbuwọ́lùwé méjì ti di ti ayé àtijọ́, pé kò ní sí káàdì, kò ní sí fífi fóònù san owó, tọkọtaya yóò sì máa wọ ọkọ̀ láti Ìgèdè wá tò sórí ìlà ní Òkèyinmi ní Adó.

Wọ́n sọ òótọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ báǹkì kì í fún irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ní káàdì ATM. Bí wọ́n bá fún un ní ti orí fóònù, ẹnì kan ni yóò bẹ̀rẹ̀ ìsanwó, ẹnì kejì yóò sì fọwọ́ sí i lórí fóònù tirẹ̀ kí owó tó lọ. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó mú báǹkì, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni báǹkì kan ti sàn ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbàgbé pé jíjáde owó nìkan ni ìbuwọ́lùwé méjì dí lọ́wọ́. Wíwọlé owó kò nílò ìbuwọ́lùwé ẹnikẹ́ni. Láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ìkẹ́rẹ́ ni ìwọ yóò ti máa fi owó ránṣẹ́ sí i, láìkúrò ní ìdí gàrí. Nígbà tí owó bá tó ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀yin méjèèjì yóò jọ lọ sí báǹkì. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù fún ohun tí ẹ óò gbé títí ayé?

Kí àlẹ́ẹ̀tì máa wọlé sórí fóònù ẹ̀yin méjèèjì. Nọ́ńbà fóònù kan ni àwọn kan máa ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì dán an wò pẹ̀lú ₦500 kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

* * *

Olùbéèrè wa padà wá. Ó ní ọkọ òun ti gbà sí ìbuwọ́lùwé méjì, ṣùgbọ́n wọn kò fẹnu kò lórí iye tí kálukú yóò máa san. Ọkọ ní kí ó jẹ́ dọ́gba-dọ́gba. Aya ní owó ọjà kì í dọ́gba lóṣooṣù.

Àbúrò, dọ́gba-dọ́gba máa ń dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìnira ni fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Owó olùkọ́ ń wọlé ní iye kan náà, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́. Owó èlùbọ́ máa ń pọ̀ ní oṣù kan, kí ó sì gbẹ ní oṣù kejì. Ohun tí mo rí i pé ó máa ń pẹ́ láìfọ́ ni kí kálukú sọ ìpín tí yóò máa yọ nínú owó tí ó bá wọlé fún un. Bí ẹ bá fẹnu kò sí ìdá mẹ́wàá, olùkọ́ tí ó gba ₦90,000 yóò san ₦9,000, oníṣòwò tí ó jèrè ₦40,000 lóṣù náà yóò san ₦4,000, tí ó bá sì jèrè ₦120,000 lóṣù tí ó tẹ̀ lé e, yóò san ₦12,000. Kí ọkọ rẹ ní kí báǹkì máa yọ tirẹ̀ fúnra wọn ní ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Ìwọ máa san tìrẹ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, má ṣe máa fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́, nítorí pé ₦50 ń lọ lórí owó kọ̀ọ̀kan tí ó bá tó ₦10,000, owó tí báǹkì ń gbà fún ìfowóránṣẹ́ sì tún wà lọ́tọ̀.

Ẹ kọ iye tí ẹ ń lé sílẹ̀, àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Bí owó ilẹ̀ bá ti pé, ẹ rà á, ẹ má ṣe dúró de owó ilé. Èlé 8% kò lè sá bá owó ilẹ̀ ní agbègbè Adó àti Ìkẹ́rẹ́.

* * *

Ìbéèrè rẹ tí ó kẹ́yìn: orúkọ bàbá rẹ ni ó wà lórí BVN rẹ, ti ọkọ rẹ ni ó wà lórí NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìṣòro yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn abilékọ, òun ni ó sì máa ń dá wọn padà sílé ju ohun mìíràn lọ. BVN ti wà láti ọdún 2014, ọ̀pọ̀ obìnrin sì gbà á kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ. Nísinsìnyí, báǹkì gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà méjèèjì kí àkáǹtì tó lè ṣiṣẹ́, orúkọ inú wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu. Lọ tún ti BVN ṣe ní báǹkì tí o ń lò tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó ṣí tuntun. Mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lọ. Bí ẹ kò bá ní i, lọ búra fún ìyípadà orúkọ ní kóòtù, kí o sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí o gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ. Kálukú mú fọ́tò pélébé, káàdì ìdánimọ̀, nọ́ńbà BVN àti NIN, àti ìwé owó iná tí ó fi àdírẹ́sì ilé hàn. Bí òṣìṣẹ́ bá dé ibi máńdéètì, ẹ gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kà á, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín fa àmì sí àpótí ẹni méjèèjì, kí ẹ sì ní kí ó fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀. Bí ó bá yá tí ẹ fẹ́ yí i padà, lẹ́tà kan ni, ṣùgbọ́n ìbuwọ́lùwé ẹ̀yin méjèèjì ni báǹkì yóò béèrè lórí lẹ́tà náà.